Mo Fi Etí Nìkan Dán Ẹ̀rọ Orin Hi-Res Wò

Alẹ́ ọjọ́ tí ẹ̀rọ orin náà tẹ̀ mí lọ́wọ́, díẹ̀ ló kù kí ilẹ̀ mọ́ bá mi lójúfò. Ẹ̀rọ kékeré tó ṣe é kì bọ àpò ni, kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó máa kọrin lọ, wọ́n sì kọ "Hi-Res" sí i lẹ́yìn gàdàgbà. Mo ki earpiece bọ etí, mo fi orin kan tí mo mọ̀ bí ẹní mowó sí i. Àfi bíi pé ẹnìkan ṣí fèrèsé yàrá tí wọ́n ti ń kọrin. Mo ń gbọ́ bí ìka onígìtá ṣe ń yọ̀ lórí okùn gìtá. Mo ń gbọ́ bí akọrin ṣe ń fa èémí sínú kó tó gbóhùn sókè. Mo ní ṣé bí fóònù mi ṣe ń yàn mí jẹ láti ọdún yìí wá rèé!

Ní ọjọ́ kẹta, mo tún gbọ́ orin yẹn kan náà lórí fóònù, earpiece kan náà ni mo lò. Ìka onígìtá wà níbẹ̀. Èémí akọrin wà níbẹ̀. Wọ́n ti wà níbẹ̀ tipẹ́, èmi ni n kò tẹ́tí sí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ohun tó mú mi dìde nìyẹn. Mo fẹ́ràn orin débi pé n kò fẹ́ máa tan ara mi jẹ nídìí rẹ̀, n kò sì fẹ́ ba ẹ̀rọ tó bá dára lóòótọ́ lórúkọ jẹ́. Ọ̀sẹ̀ méjì ni àyẹ̀wò yìí gbà mí, bí mo sì ṣe ṣe é nìyí, kí ẹni tó bá wù lè ṣe é fúnra rẹ̀.

Ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wí. CD tí Sony àti Philips gbé jáde ní 1982 máa ń ka ìró ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó sì ń fi bit 16, ìyẹn nọ́ńbà 0 tàbí 1 mẹ́rìndínlógún, kọ ìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Hi-res ju bẹ́ẹ̀ lọ: bit 24, ìgbà 96,000 tàbí 192,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí a bá ṣe kà á lákàtúnkà tó ni ohùn yóò ṣe jọ̀lọ̀ tó, bíi fọ́tò tí kò fọ́ lójú nígbà tí a bá fà á tóbi. Èmi náà gbà bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin ìṣirò tí wọ́n fi orúkọ Nyquist àti Shannon pè sọ pé bí a bá ń ka ìró ju ìlọ́po méjì iye ìgbà tó ń gbọ̀n lọ, gbogbo rẹ̀ pátá ni a óò rí gbà padà, kò ní ku ẹyọ kan. Ìdajì 44,100 jẹ́ 22,050. Etí tó mú jù lọ máa ń gbọ́ ìró dé nǹkan bí 20,000 Hz (Hz ni iye ìgbà tí ìró ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan), bí a sì ṣe ń dàgbà ni ó ń wálẹ̀. Àyè tí 96,000 fi kún un, ìró tó ga ju etí ènìyàn lọ ló ń gbé ibẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ariwo abẹ́lẹ̀ ni ti bit. Bit 16 fi nǹkan bí 96 dB (òṣùwọ̀n bí ohùn ṣe ròkè tó) sáàárín ohùn tó le jù àti ariwo tó wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ti bit 24 jẹ́ 144 dB lórí ìwé, àmọ́ kò sí ẹ̀rọ tó ń gbé orin jáde tó lè dé ibẹ̀, torí àwọn irin inú ẹ̀rọ fúnra wọn ní ariwo tiwọn. Ẹni tí bit 24 wúlò fún jù ni ẹni tó ń gbohùn sílẹ̀ ní stúdíò, torí ó lè fi àyè sílẹ̀ lókè fún akọrin tó lè ṣàdédé pariwo, kó má sì bẹ̀rù pé ariwo abẹ́lẹ̀ yóò bo èyí tó rọra kọ.

Mo wọn etí ara mi kí n tó wọn ẹ̀rọ. Mo fi ìró kan tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀ sí headphone. Nígbà tó dé 15,000 Hz, ó pòórá mọ́ mi létí. Àbúrò mi, tí mo fi ọdún mọ́kànlá jù, gba headphone náà, ó sì ń gbọ́ ọ títí dé 17,000. "Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ ò gbọ́ eléyìí ni?" Ó dùn mí díẹ̀, n kò ní purọ́. Ṣùgbọ́n àwa méjèèjì ni a kò dé 20,000, ká má tíì wá sọ 48,000 tí fáìlì hi-res ń ṣe àyè sílẹ̀ fún.

Ibi tí ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò ti ń dàrú ni orin tí wọ́n ń lò. Wọn á ra hi-res orin kan, wọn á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ CD àtijọ́ orin yẹn, wọn á ní àwọn gbọ́ ìyàtọ̀. Òótọ́ ni pé wọ́n gbọ́ ọ! Lọ́pọ̀ ìgbà, ọwọ́ tó ṣe àtúnṣe ìkẹyìn sí èkíní kọ́ ló ṣe sí èkejì: wọ́n ti fún ti CD pọ̀ kó lè máa pariwo, wọ́n sì jẹ́ kí ti hi-res máa mí. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni wọ́n gbọ́, wọ́n wá fi ìyìn rẹ̀ fún nọ́ńbà. Nítorí náà, orin hi-res mẹ́ta tó jẹ́ 24/96 (bit 24, ìgbà 96,000) ni mo mú, mo sì fi kọ̀ǹpútà rẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ sí 16/44.1 fúnra mi. Mo fi dither sí i, ìyẹn ariwo fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí a mọ̀ọ́mọ̀ bù sí i kí bit tí a gé kúrò má bàa fi àpá sílẹ̀. Mo tún wá gbé wọn padà sínú àpótí 24/96, kí ojú ẹ̀rọ má bàa sọ fún mi èyí tó jẹ́ èwo. Mo ṣe MP3 320 àti MP3 128 pẹ̀lú, ìyẹn fáìlì tí a fún pọ̀ sí kilobit 320 tàbí 128 ní ìṣẹ́jú àáyá kan.

Orí kọ̀ǹpútà ni mo ti ṣe ti àkọ́kọ́, mo lo foobar2000, ètò ìgbọ́rin orí kọ̀ǹpútà tó jẹ́ ọ̀fẹ́, pẹ̀lú ẹ̀yà rẹ̀ tó ń ṣe àyẹ̀wò ABX. Ó fún mi ní A, ó fún mi ní B, ó wá fi ọ̀kan nínú méjèèjì pa mọ́ sábẹ́ X. Iṣẹ́ mi ni kí n sọ èyí tí X jẹ́, ìgbà 16 fún orin kan. Ẹni tó kàn ń méfò yóò mú nǹkan bíi 8. Bó bá mú 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a lè gbà pé ó ń gbọ́ nǹkan, torí bí ọgọ́rùn-ún ènìyàn bá ń méfò, wọn kì í pé mẹ́rin tí yóò ṣe bẹ́ẹ̀. Mo bo èsì mọ́lẹ̀ títí tí mo fi parí. Mi ò ṣe ju orin kan lọ lálẹ́ kan, torí etí máa ń rẹ̀.

Lórí orin kejì, ní ìgbà kẹfà, ohùn obìnrin kan gun òkè, ó sì dúró síbẹ̀. Mo gbọ́ ọ lórí X, ó dà bíi pé afẹ́fẹ́ yí ohùn náà ká. Mo padà sí A: afẹ́fẹ́ wà. Mo lọ sí B: ó dà bíi pé ó gbẹ díẹ̀. Ara mi yá gágá. Mo tẹ A láìṣiyèméjì, mo tiẹ̀ kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí dá mi lójú. Nígbà tí mo ṣí èsì, B ni. Mo tún gbọ́ ibẹ̀ ní ìgbà mẹ́rin, bí mo bá sì ti mọ orúkọ èyí tí mo ń gbọ́, afẹ́fẹ́ yẹn á tún yọ lára hi-res. Kì í ṣe pé mo ń purọ́. Mo ń gbọ́ ọ lóòótọ́. Ọkàn ló ń fi kún un kó tó di pé etí jábọ̀.

Èsì orin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín 24/96 àti 16/44.1: mo mú 9, 6 àti 8. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 23 nínú 48. MP3 320, mo mú 10 nínú 16, kò tó. MP3 128, mo mú 15. Àtẹ́wọ́ àwọn òǹwòran àti àwo idẹ tí onílù ń gbá ló tú u fó: wọ́n ń dún bíi ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ń mì lábẹ́ omi. Ìyẹn fi mí lọ́kàn balẹ̀ pé etí mi kò kú, àti pé àyẹ̀wò náà lè mú ìyàtọ̀ jáde níbi tí ìyàtọ̀ bá wà.

Ẹ̀rọ orin àti fóònù ló kù. Ìró gbọ́dọ̀ dọ́gba láàárín wọn, torí bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ròkè ju èkejì, a kì í gbọ́ ọ bí èyí tó ròkè. A máa ń gbọ́ ọ bí èyí tó dára, tó mọ́, tó kún. Mo yá mítà lọ́wọ́ oníná kan. Mo fi ìró 300 Hz tí kò yí padà sí ẹ̀rọ méjèèjì, torí ọ̀pọ̀ mítà kékeré kì í ka ìró tó bá ga jù dáadáa, mo jẹ́ kí earpiece wà lẹ́nu wọn, mo sì wọn iná tó ń jáde. Fóònù: volt 0.200. Ẹ̀rọ orin, níbi tí mo ti gbé fólúùmù rẹ̀ sí láti alẹ́ àkọ́kọ́: 0.252. Mo ṣírò rẹ̀, dB 2 ni. Mo jókòó, mo ń wo nọ́ńbà yẹn. Fèrèsé tó ṣí lálẹ́ ọjọ́ náà, dB 2 ló ṣí i.

Mo rẹ ẹ̀rọ orin wálẹ̀ títí tó fi di 0.201, mo wá kọjú sí ògiri. Àbúrò mi ń ta owó ẹyọ láti mọ èyí tí yóò kàn. Mo ní kó máa yọ wáyà kó sì tún un kì bọ̀ ọ́ nígbà gbogbo, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ kan náà ló tún kàn, kí ariwo ẹnu wáyà má bàa tú àṣírí. Pẹ̀lú earpiece tí mò ń lò lójoojúmọ́, mo mú 9 nínú 16.

Mo wá pààrọ̀ ohun tí mo fi sétí. Earpiece kan tí ń gbọ́ràn sí iná díẹ̀ gan-an: lórí fóònù, ariwo ṣìììì kan wà lábẹ́ orin nígbà tí orin bá rọlẹ̀, lórí ẹ̀rọ orin, ó pa rọ́rọ́. Mo mú 14 nínú 16. Lẹ́yìn náà, headphone ńlá kan tó jẹ́ 300 ohm, ìyẹn tó ń dènà iná gan-an: fóònù gbé e dé òpin fólúùmù, orin tí kò le kò sì tó mi gbọ́, ẹ̀rọ orin ru ú tìrọ̀rùntìrọ̀rùn. Èyí ni mo fẹ́ kí ẹni tó fẹ́ ra irú ẹ̀rọ yìí fetí sí dáadáa. Ẹ̀rọ náà dára ju fóònù mi lọ níbi méjì, mo sì fọwọ́ sọ̀yà, àmọ́ agbára amplifier (apá tó ń gbé ìró ga) àti ìdákẹ́jẹ́ẹ́ inú rẹ̀ ló ṣe é. Fáìlì CD lásán ni mo fi gbọ́ méjèèjì. Ẹni tó bá sì jẹ́ Bluetooth ló ń lò, headphone rẹ̀ ló ń tú orin rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀rọ. Kódà LDAC, ọ̀nà Sony láti fi orin ránṣẹ́ lórí Bluetooth, kò kọjá 990 kilobit ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí 24/96 tí a kò tíì fún pọ̀ jẹ́ 4,608.

Àwọn tó jù mí lọ ti ṣe irú àyẹ̀wò yìí láàárín hi-res àti CD. Ní 2007, Meyer àti Moran tẹ èsì ìgbà 554 jáde nínú ìwé àkọsílẹ̀ Audio Engineering Society: àwọn tó gbọ́ ọ mọ ìyàtọ̀ ní ìgbà 276, tí kò pé ìdajì. Ní 2016, Joshua Reiss kó àyẹ̀wò 18 pọ̀, tó ju ìgbà 12,000 lọ. Ó rí i pé wọ́n mọ ìyàtọ̀ ní ìgbà 52.3 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn tí wọ́n sì ti kọ́ bí a ṣe ń tẹ́tí kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sún mọ́ 60. Nítorí náà, n kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn pé kò sí ohun kan rárá níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ kéré ni, ó kéré púpọ̀ sí ohun tí mo rò pé mo gbọ́ lálẹ́ ọjọ́ kìíní. Nígbà tí olórin Neil Young ń kó owó jọ lórí Kickstarter fún Pono, ẹ̀rọ orin hi-res tirẹ̀, ní 2014, owó tó wọlé ju mílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là lọ. Àwọn tó dáwó náà kì í ṣe òmùgọ̀. Mo mọ ohun tó ń ṣe wọ́n, torí ó ṣe èmi náà.

N kò ta ẹ̀rọ náà. Mo kó fáìlì hi-res kúrò lórí káàdì rẹ̀, mo fi FLAC bit 16 (fáìlì tí a fún pọ̀ láìsọ nǹkan kan nù) rọ́pò wọn, àyè sì ṣí sílẹ̀ fún orin tó ju ìlọ́po méjì lọ. Headphone 300 ohm ni mo ń fi gbọ́ ọ báyìí, mo sì ń tọ́jú owó mìíràn pa mọ́ fún èyí tó dára jù ú lọ, torí ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyàtọ̀ tí kò nílò kí ẹnikẹ́ni ta owó ẹyọ. Àbúrò mi ti fi earpiece tó ń gbọ́ràn yẹn ṣe tirẹ̀. Ó ní ariwo ṣìììì inú fóònù ń yọ òun lẹ́nu báyìí, òun kò sì gbọ́ ọ rí kí n tó fi han òun.