Bí Mo Ṣe Ṣètò Ìsinmi Ọlọ́jọ́ Gbọọrọ fún Àwọn Ọmọ Nínú Ilé

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ, òjò kì í jẹ́ kí àwọn ọmọ mi ráyè ṣeré níta níbí ní Adó-Èkìtì, nítorí náà ìjà tẹlifíṣọ̀n kì í tán nínú ilé. Ohun tó yanjú rẹ̀ ni pé mo yan kókó kan ṣoṣo fún ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, tí eré, ìtàn àti iṣẹ́ ọwọ́ sì ń dá lórí rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ omi ni wọ́n fẹ́ràn jù. Mo sọ fún wọn nípa Ìkógòsì, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń ṣàn pàdé ara wọn, lẹ́yìn náà mo bu omi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́ kan, mo bu omi tútù sínú òmíràn, mo sì ní kí wọ́n ki ọwọ́ bọ̀ wọ́n kí wọ́n tó da méjèèjì pọ̀. Èyí àbúrò pariwo pé, “Màámi, kò gbóná, kò sì tutù!” Mi ò kúrò lọ́dọ̀ wọn rárá, nítorí omi kì í ṣe ohun tí à ń fi ọmọdé tì.

Ní ọ̀sẹ̀ amọ̀, wọ́n mọ ìkòkò kéékèèké bíi ti àwọn amọ̀kòkò Ìṣàn-Èkìtì, a sì sá wọn sí ẹ̀gbẹ́ ààrò nítorí pé oòrùn kò sí. Ọ̀sẹ̀ iṣu kò gba wàhálà: wọ́n ka ègé iṣu, wọ́n sì gbọ́ àlọ́ Ìjàpá.

Mo máa ń dá eré dúró kí ó tó sú wọn, wọn a sì máa béèrè ti ọjọ́ kejì.