Kí ẹ tó ra ọkọ̀ oníná fún ọ̀nà oko: bí mo ṣe ń wọn dísù, bẹntiróòlù, gáàsì àti bátìrì

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún 2023, ìbéèrè kan náà ni àwọn tó ń kó kájú àti gbágùúdá jáde nínú oko ní Òkè-Ògùn ń gbé wá sí ṣọ́ọ̀bù mi: "Ọ̀gá, ṣé kí n ta Hilux yìí, kí n lọ wá oníná?" Èmi náà á bi wọ́n pé, "Níbo lọkọ̀ yín ń sùn, níbo ló sì ń dúró sí lọ́sàn-án?" Àwọn kan á bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rín kọ́ o. Ọkọ̀ tó ń padà sílé lálaalẹ́ àti èyí tó ń lo ọ̀sẹ̀ kan nínú igbó kò lè jẹ oúnjẹ kan náà, bó ti wù kí ẹ́ńjìnnì wọn lágbára tó.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ohun tí ọ̀nà yín ń jẹ

Ẹ má tẹ̀lé iye tó wà nínú ìwé ọkọ̀. Kì í ṣe ọ̀nà oko yín ni wọ́n ti wọn ìyẹn. Ẹ rọ epo kún táńkì dé ẹnu, ẹ kọ iye kìlómítà tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù sílẹ̀, ẹ di ẹrù tí ẹ máa ń dì gan-an, ẹ lọ oko, ẹ bọ̀. Ilé epo yẹn náà ni kí ẹ padà sí, kí ẹ tún rọ ọ́ dé ẹnu. Lítà tó wọlé lẹ́ẹ̀kejì ni ọkọ̀ yín jẹ lórí iye kìlómítà tí ẹ rìn; ẹ fi kìlómítà yẹn pín in, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 100. Ẹ ṣe é nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí ẹ tún un ṣe nígbà òjò, nítorí ẹrẹ̀ nìkan lè sọ lítà 12 di 20 lórí kìlómítà 100, láìjẹ́ pé nǹkan kan bàjẹ́ lára ọkọ̀.

Ẹrẹ̀ yẹn kò ní ṣàánú bátìrì náà. Yúnìtì iná tí ẹ ń rà sínú mítà ni wọ́n fi ń ka bátìrì ọkọ̀. Lítà dísù kan ní tó yúnìtì 10 nínú, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ péré ló ń dé ìdí táyà. Ooru ló gbé ìyókù lọ. Ẹ̀rọ oníná kì í fi ṣòfò bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyẹn tí yúnìtì 30 fi lè gbé ọkọ̀ ńlá rin kìlómítà 100 lórí ọ̀dà. Lórí ẹrẹ̀ àti yanrìn, èmi máa ń ka 50, mo sì máa ń ka 60 bí ẹrù bá wà lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká mú Hilux oníná tí Toyota fi han ayé ní ìparí 2025. Bátìrì rẹ̀ jẹ́ yúnìtì 59.2. Àwọn tó ṣe é ní ó máa rin nǹkan bí kìlómítà 240. Ẹ pín 59 yẹn sí ọ̀nà tiwa tó ń jẹ 50 lórí ọgọ́rùn-ún: kò pé 120. Ẹ yọ díẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà tí igi bá wó dínà, ó ku nǹkan bí 95. Ìyẹn ni pé oko yín kò gbọ́dọ̀ jìnnà ju kìlómítà 45 lọ, torí àlọ àti àbọ̀ ni. Ẹrù rẹ̀ náà kò ju 715 kílò lọ, nígbà tí ti dísù ń gbé tọ́ọ̀nù kan. Ẹni tó ń kó àpò kájú, ẹ ṣe ìṣirò náà fúnra yín.

Ta ló máa bọ́ ọ?

Bí ẹ bá wà ní Band A, tí iná ń wá lóòótọ́, ẹ ti jàre. Ẹ jẹ́ ká ní yúnìtì kan jẹ́ 210 náírà, kí bẹntiróòlù sì jẹ́ 1,000 náírà lítà kan. Kìlómítà 100 nínú igbó á jẹ́ 10,500 náírà fún iná. Ọkọ̀ tó ń jẹ lítà 15 á náni ní 15,000. Ẹ fi iye tòní sí i, èrè náà á hàn sí yín.

Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú wa kò sí ní Band A, jẹnẹrétọ̀ sì ni ọkàn àwọn oníbàárà mi máa ń sáré lọ. Ẹ má dán an wò. Jẹnẹrétọ̀ dísù tó dáa ń fúnni ní nǹkan bí yúnìtì 3 lórí lítà kan. Kí bátìrì Hilux yẹn tó kún, lítà 20 ti lọ, ó sì máa fi rin kìlómítà tí kò pé 120. Ẹ rọ lítà 20 yẹn sínú Hilux dísù, á rin 100 nínú ẹrẹ̀ tó burú jù, á rin 160 nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Dísù kan náà lẹ jó. Ẹ kàn gba ẹ̀yìnkùlé lọ sójú ọ̀nà ni.

Sólà lọ̀rọ̀ wà. Páńẹ́lì 18 tó jẹ́ 550 wáàtì lè fún yín ní bí yúnìtì 40 lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú; ní oṣù Kẹjọ tí kùrukùru bo ojú ọ̀run, ẹ má retí rẹ̀. Ibi tí àwọn èèyàn ti ń ṣìṣe ni pé wọ́n á to páńẹ́lì sórí ilé, ọkọ̀ á sì wà lóko nígbà tí oòrùn ń ràn. Ibi tí ọkọ̀ ti ń dúró lọ́sàn-án, tí wọ́n ti ń di ẹrù sí i, ni kí ẹ to páńẹ́lì sí. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ máa ra bátìrì mìíràn tó máa tọ́jú iná dalẹ́, owó ìyẹn kì í ṣe kékeré. Ní Kẹ́ńyà, wọ́n ti yọ ẹ́ńjìnnì Land Cruiser tí wọ́n fi ń gbé àlejò lọ wo ẹranko, wọ́n sì fi bátìrì àti ẹ̀rọ oníná rọ́pò rẹ̀. Ó bá iṣẹ́ yẹn mu: ọkọ̀ ń rìn jẹ́jẹ́, ọ̀nà kò jìn, ó ń padà sí àgọ́, ariwo rẹ̀ kò sì lé kìnnìún.

Dísù, bẹntiróòlù, CNG

Dísù ló fẹ́ràn ẹrù. Hilux 2.8 ń fà tó 500 Nm (òun ni wọ́n fi ń wọn agbára ìfà ẹ́ńjìnnì) láti ìsàlẹ̀, bẹntiróòlù 2.7 kò ju bí 245 lọ, ó sì gbọ́dọ̀ ké kó tó fà á. (Ti oníná ń fa gbogbo agbára rẹ̀ láti orí òdo. Nínú àpáta, kò sẹ́ni tó lè bá a du ìyẹn.) Àmọ́ nọ́sù àwọn dísù òde òní, ìyẹn ẹnu tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, kò gba omi rárá. Ẹ bu dísù tí ẹ fẹ́ rà sínú ike omi tó mọ́ gaara, ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá rí ìlà kan nísàlẹ̀, tí ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀ ń yí bí ẹ bá dẹ ike náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, omi ni. Ẹ má padà sí ilé epo yẹn. Land Cruiser àtijọ́ tó ń lo ẹ́ńjìnnì dísù 1HZ lè forí tì í díẹ̀. Ti tuntun kò ní forí tì í, owó nọ́sù mẹ́rin á sì mú yín sọkún. Bẹntiróòlù kò lágbára tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí abúlé tí ẹ ò ti ní rí ẹni tó mọ̀ ọ́n tún ṣe.

CNG, gáàsì tí wọ́n fún pọ̀ sínú sìlíńdà, dùn lápò, àmọ́ ọ̀nà Ìbàdàn àti Èkó ló wà fún. Sìlíńdà rẹ̀ ń jókòó sí àyè ẹrù, ó wúwo, wọ́n sì fún gáàsì inú rẹ̀ pọ̀ dé ìwọ̀n 200 bar. Bí ẹ bá máa fi wọ oko, ẹ máa yẹ ìdè rẹ̀ wò lóṣooṣù, torí gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn ọ̀nà ń tú nọ́ọ̀tì. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà kankan fọwọ́ kan sìlíńdà náà.

Omi àti ìwúwo

Hilux oníná lè wọ omi tó ga dé sẹ̀ǹtímítà 70, bíi ti dísù, nítorí náà ẹ̀rù iná àti omi kọ́ ló yẹ kó bà yín. Ẹ fi okùn pupa sàmì sára ọ̀pá níbi 70 yẹn, kí ẹ mú un dání, kí ẹ fẹsẹ̀ rin odò náà kọjá kí ọkọ̀ tó wọ̀ ọ́. Ìwúwo ló yẹ kí ẹ bẹ̀rù. Rivian, ọkọ̀ oníná ti Amẹ́ríkà, tó dáa gan-an nínú òkúta, ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta lọ láìtíì gbé nǹkan kan. Hilux dísù ń ṣe bíi méjì. Lórí ilẹ̀ àkùrọ̀ lẹ́yìn òjò, tọ́ọ̀nù kan yẹn ló ń pinnu bóyá ẹ máa jáde tàbí ẹ máa wá katakata tó máa fà yín.

Ẹni tí oko rẹ̀ kò jìnnà, tí ẹrù rẹ̀ kò pọ̀, kó wo ọ̀kadà oníná ná, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Spiro gbé wá sí Kútọnu àti Lómè, tí wọ́n ti ń pààrọ̀ bátìrì dípò kí wọ́n dúró dè é. Ẹni tó ń sùn síbi tí iná kò sí, kó mú dísù, kó sì ra fílítà tó ń yọ omi. Ẹni tó bá sì pinnu láti ra ọkọ̀ oníná tókùnbọ̀, kó mú ẹni tó ní ẹ̀rọ ìyẹ̀wò lọ, kí wọ́n wo ìlera bátìrì kó tó sanwó. Bó bá wà lábẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún, kó já owó náà wálẹ̀ dáadáa. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kò sáyè fún àyẹ̀wò, kó kí i pé ó dàbọ̀, kó máa lọ.