Bí a ṣe ń ṣún owó ná nílé láìfi fàájì du àwọn ọmọ

Ní ọdún kẹta tí a fẹ́ ara wa, èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi fi oṣù mẹ́rin gbáko ṣún owó ná. Kò sí súyà, kò sí mínírà, bí ọmọ bá ń sunkún bisikíìtì, ojú la fi ń bá a wí. Nígbà tó di Sátidé kan, a kó ara wa lọ sí ilé ìtajà ńlá kan, pé kí àwọn ọmọ ṣáà fẹsẹ̀ ra ilẹ̀. Wákàtí mẹ́ta la lò níbẹ̀. A jẹ, a mu, a ra bàtà, a ra mọ́tò ìṣeré oníbátìrì. Ìgbà tí a délé ni mo tó ṣí pọ́ọ̀sì wò. Owó oṣù mẹ́rin ti lọ, a sì ti bù nínú owó ilé ìwé mọ́ ọn.

Fàájì tí kò bá ní owó tirẹ̀, owó ẹlòmíì ni yóò jẹ. Bí ebi fàájì bá sì ti pa ilé fún oṣù mẹ́rin, ọjọ́ tí wọ́n bá rí i jẹ, wọn kò ní jẹ ẹ́ níwọ̀n. Ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é báyìí nìyí, ẹ wo èyí tó bá ilé yín mu nínú rẹ̀.

1. Ẹ kọ ìnáwó ọgbọ̀n ọjọ́ sílẹ̀

Ẹ so ìwé kan mọ́ ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná, kí ẹ so báírò mọ́ ọn kó má baà sọnù. Tọkọtaya ni kó máa kọ ọ́, títí kan owó ọ̀kadà àti owó dátà. Láàárín oṣù náà, kí ẹnikẹ́ni má fi ohun tó wà nínú ìwé bá ẹnìkejì jà, torí ọjọ́ tí ìjà bá ti bẹ̀rẹ̀ ni irọ́ yóò wọ inú ìwé. Nílé tiwa, ìwé yìí ló fi hàn mí pé ọjọ́ méjì-méjì ni mò ń lọ ra ata. Owó máíkírà àlọ àti àbọ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó ata fúnra rẹ̀.

2. Ẹ ra nǹkan lásìkò rẹ̀, ẹ sì rà á pọ̀

Ibí ni owó wà jù lọ. Tòmátì máa ń pọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, pàápàá láti oṣù Kìíní sí oṣù Kẹta. Tó bá ti di nǹkan bí oṣù Karùn-ún, owó rẹ̀ á gbéra. Epo pupa ń pọ̀ ní oṣù Kẹta sí Karùn-ún, ìgbà náà ló yẹ kí ènìyàn ra kẹ́ẹ̀gì kan pamọ́, kó má dúró di ìparí ọdún tí yóò wọ́n. Ẹ̀wà ń rọjú lẹ́yìn ìkórè, láti ìparí ọdún wọ oṣù Kìíní.

Bí a ṣe ń ṣe ata rèé. Àwa obìnrin mẹ́ta ládùúgbò máa ń dáwó jọ, a ó lọ ra apẹ̀rẹ̀ ní ọjà Sáṣá lọ́nà Ojóò n'Ìbàdàn níbí, níbi tí ọkọ̀ tó ń kó tòmátì bọ̀ láti òkè ọya ti ń já ẹrù, a ó sì pín in. Ẹ ṣa èyí tó ti rọ̀ sọ́tọ̀, ẹ fi se ọbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ fọ ìyókù, ẹ lọ̀ ọ́ pẹ̀lú tàtàṣé àti àlùbọ́sà, kí ẹ sì gbé e kaná láìbo orí ìkòkò títí omi rẹ̀ yóò fi gbẹ, tí ata náà yóò fi máa dún pọ̀kọ̀pọ̀kọ̀. Tó bá tutù, ẹ dì í sínú ọ̀rá ní ìwọ̀n ọbẹ̀ kan-kan, kó wọ inú fíríìsà. Bí iná kò bá dára ládùúgbò yín, ẹ má ṣe ju èyí tí ẹ lè jẹ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lọ, kí ẹ sì máa gbé e kaná lójoojúmọ́.

Ẹ̀wà ní tirẹ̀, kẹ́ẹ̀gì gbígbẹ tí ìdérí rẹ̀ le ni kí ẹ rọ ọ́ sí, kó kún dé ẹnu. Kòkòrò tí kò bá rí afẹ́fẹ́ mí yóò kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi oògùn apakòkòrò sí oúnjẹ tí ọmọ yóò jẹ, bó ti wù kí wọ́n sọ fún yín tó pé kò léwu.

Tí ẹ bá ń ra gààrí tàbí ìrẹsì ní Bódìjà, ẹ wo ìdí kóńgò kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n. Èyí tí wọ́n ti lù ní ìdí wọnú kò gba nǹkan dáadáa.

3. Ẹ fún fàájì ní orúkọ, ọjọ́ àti owó

Ẹ má sọ pé “a ó jayé tí owó bá wà.” Ẹ sọ pé, ní Sátidé tó kẹ́yìn oṣù yìí, ibi báyìí la ó lọ. Àwọn ọmọ ni kẹ́ ẹ jẹ́ kó fi báírò yí ọjọ́ náà po lára kàlẹ́ńdà. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ ó rí i pé ẹkún bisikíìtì yóò dínkù.

Alájọ ni èmi fẹ́ràn ju kólò lọ, nítorí mo ti fi ọ̀bẹ yọ owó nínú kólò rí. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ₦300 ni lójúmọ́. Ní 90 ọjọ́, ó di ₦27,000. Alájọ a máa mú owó ọjọ́ kan lóṣù, èyí tó jẹ́ ₦900 fún oṣù mẹ́ta, ó ku ₦26,100. Mi ò ka ₦900 yẹn sí òfò, torí òun ló ń kan ilẹ̀kùn mi láràárọ̀. Ẹni tí àdúgbò ti mọ̀ tipẹ́ ni kí ẹ bá dá a.

4. Ẹ pinnu lórí aṣọ ẹbí kí wọ́n tó pè yín

N kò lè sọ̀rọ̀ ìnáwó n'Ìbàdàn kí n má dé ibí. Ọ̀pọ̀ ìdílé ni kò jẹ̀gbádùn kankan lọ́dún, síbẹ̀ tí àpótí wọn kún fún aṣọ òde tí wọ́n wọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àdéhùn tiwa ni pé méjì la ó rà lọ́dún, ti ọmọ ìyá àti ọmọ bàbá ẹni ló sì ń ṣáájú. Fún ìyókù, gèlè nìkan ni mo máa ń rà, tàbí kí n wọ aṣọ tí àwọ̀ rẹ̀ sún mọ́ ọn.

Bí ẹ ṣe sọ ọ́ ṣe pàtàkì. Ẹ má sápamọ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Èmi a máa pe ẹni náà fúnra mi: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìmúra o. Aṣọ yẹn kò ní ṣeé ṣe fún mi lọ́tẹ̀ yìí, ẹ fojú fò ó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ẹtì ni n ó ti wá bá yín dáná.” Mo sì máa ń lọ lóòótọ́. Kò tíì sí ẹni tó bínú sí ọwọ́ tó gé àlùbọ́sà dòru.

Tí ẹ bá fẹ́ náwó sórí aṣọ, ẹ ná an sórí èyí tí yóò pẹ́. Ọjà Ọ̀jẹ́, tí wọ́n ń ná aṣọ òkè ní ọjọ́ mẹ́rìndínlógún-mẹ́rìndínlógún, ni mo ti ra ìró àti ìborùn tí mo ti wọ̀ lọ sí òde mẹ́fà, ọmọbìnrin mi sì ti ń bi mí léèrè ìgbà tí yóò di tirẹ̀.

5. Ní ọjọ́ fàájì, ẹ jayé náà

Ẹ fi káàdì báńkì sílé, owó alájọ nìkan ni kí ẹ mú lọ́wọ́. Ẹ wá má fi ahun wọ inú ọjọ́ náà. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú ohun kan tó wù ú, kí ẹ rà á láìkùn.

Nígbà tó kẹ́yìn, Láyípo ní Òkè Ààrẹ la lọ, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 ní ìrántí Captain Bower, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì àkọ́kọ́ n'Ìbàdàn. Ọmọkùnrin mi ń ka àkàsọ̀ bó ṣe ń gùn ún, ó ń yí po, ó ṣìṣe, ó sọ̀kalẹ̀ wá tún un kà. Nígbà tí a dé òkè, ó dákẹ́. Páànù Ìbàdàn tó ti dípẹtà lọ bẹẹrẹ níwájú rẹ̀, kò rí òpin rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì, èwo ni tiwa?” Bàbá rẹ̀ gbé e sí èjìká, àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wá a.

Láti ibẹ̀, a lọ jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, bàbá àwọn ọmọ ní kí wọ́n fi ògúfe sí tirẹ̀, ègé mẹ́ta. N kò wò ó lójú.

6. Bí àìsàn bá gba ọjọ́ náà

Ẹ lo owó náà, ẹ tọ́jú ara. Ṣùgbọ́n ẹ mú ọjọ́ mìíràn fún àwọn ọmọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n tún un yí po lára kàlẹ́ńdà.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a ti Láyípo dé, a kọ gbogbo ohun tí a ná sínú ìwé. Ó ṣẹ́ku ₦3,400. Ọmọbìnrin mi ní ọgbà ẹranko Yunifásítì Ìbàdàn ló kàn, ó sì ti yí Sátidé kan po ní oṣù Kejìlá. Mo fi àṣẹ́kù náà lé alájọ lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ Ajé.