Bí A Ṣe Ń Fi Finite Element Wá Ibi Tí Okùn Tẹ̀ Dé

Finite element ni ọ̀nà tí a fi ń gé nǹkan sí ègé kéékèèké, ká ṣírò ègé kọ̀ọ̀kan, ká sì kó wọn jọ. Ẹ má tíì tan kọ̀ǹpútà. Bébà àti pẹ́ńsù ni ká fi ṣe ti àkọ́kọ́, ká sì mú ìdọ́gba kékeré: −u″ = 1, láti x = 0 dé x = 1, kí u jẹ́ 0 ní etí méjèèjì. u ni bí okùn tí a dè mọ́ òpó méjì ṣe tẹ̀ tó nígbà tí ẹrù wà lórí rẹ̀ jálẹ̀; u′ ni ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, u″ sì ni bí ìdagẹ̀rẹ̀ náà ṣe ń yí padà.

Ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú v, fọ́ńṣọ̀n ìdánwò tó jẹ́ 0 ní etí méjèèjì, ẹ ṣe integration by parts (èyí tó ń gbé àmì ′ kan kúrò lórí u sórí v), ó di ∫u′v′ dx = ∫v dx. Ẹ gé okùn sí ègé 4 tó dọ́gba; oríkèé, ìyẹn ibi tí ègé ti bẹ̀rẹ̀ tàbí parí, á jẹ́ 5. Ègé kọ̀ọ̀kan ní mátíríìsì (àtẹ nọ́ńbà) 2×2 tirẹ̀: 4 àti −4 lókè, −4 àti 4 nísàlẹ̀. Ẹrù rẹ̀ jẹ́ 0.125 ní orí kọ̀ọ̀kan.

Ẹ kó gbogbo wọn jọ sínú mátíríìsì 5×5 kan; níbi tí ègé méjì ti pàdé, àròpọ̀ ni. Nínú kóòdù, += (fi kún èyí tó wà níbẹ̀) lẹ máa kọ, kì í ṣe =. Bí ẹ bá rí 4 níbi tó yẹ kí 8 wà, ohun tẹ́ ẹ gbàgbé nìyẹn. Èmi kì í kọjá ibẹ̀ láì ro ìlà ìbú kọ̀ọ̀kan pọ̀: gbogbo wọn gbọ́dọ̀ já sí 0.

Etí ni wọ́n ti máa ń bà á jẹ́. Mátíríìsì 5×5 yẹn, okùn tí a ò tíì dè ni; kò ní ìdáhùn kan pàtó. Kọ̀ǹpútà míì á kígbe, òmíràn á da nọ́ńbà ńláńlá sílẹ̀ láì sọ nǹkan kan. Ẹ yọ ìlà ìbú àti ìlà òró ti oríkèé kìíní àti ìkarùn-ún kúrò.

Tí etí bá jẹ́ 0, ó tán. Ṣùgbọ́n ká ní etí ọ̀tún jẹ́ 2. Ìlà òró rẹ̀ ní −4 lẹ́gbẹ̀ẹ́ oríkèé kẹrin. −4 × 2 gbọ́dọ̀ sọdá sí apá ọ̀tún ìdọ́gba, kí 0.25 di 8.25. Ọ̀pọ̀ ló ń pa ìlà òró rẹ́, tí wọ́n sì da 8 yẹn nù. Ìdáhùn á jókòó sí nǹkan bí 0.1 títí dé oríkèé kẹrin, á wá fò lọ sí 2 lójijì. Àwọn kan ń fi nọ́ńbà gàgàrà sí àyè oríkèé etí nínú mátíríìsì, láti fipá mú etí jẹ́ iye tí wọ́n fẹ́, kí wọ́n lè gé e kúrú. Mi ò fẹ́ràn rẹ̀, ó ń ba ìpéye jẹ́. Tó bá jẹ́ pé u′ ni wọ́n fún yín létí, ẹ má yọ nǹkan kan níbẹ̀, ara ẹrù ló ń wọ̀.

Ẹ padà sí etí 0, ẹ yanjú 3×3 tó kù: 0.09375, 0.125, 0.09375. Ó bá x(1−x)/2 mu ní oríkèé gẹ́lẹ́. Ẹ má retí irú rẹ̀ lórí onígun mẹ́ta, tí a fi ń gé ohun tó tẹ́ pẹrẹsẹ dípò okùn.

Tí owó MATLAB, ètò kọ̀ǹpútà fún ìṣirò, bá wọ́n, Octave tó jọ ọ́ tó, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ ṣáà lo sparse, tó ń tọ́jú kìkì àwọn nọ́ńbà tí kì í ṣe 0. Gmsh náà ọ̀fẹ́ ni fún gígé onígun mẹ́ta, àmọ́ ẹ wo àwòrán rẹ̀ dáadáa kẹ́ ẹ tó lò ó: èyí tó bá tín-ín-rín bí abẹ́rẹ́, ẹ tún un gé.