Ọ̀pẹ Orí Òkè: Ẹ Yé Di Ẹ̀bi Ru Ilẹ̀, Ẹ Tètè Gbìn Ín

Látìgbà tí wọ́n ti ń pín ọmọ ọ̀pẹ àgíríìk fáwọn àgbẹ̀ lágbègbè wa, ẹjọ́ kan náà là ń gbọ́ láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìpẹ́rù: ti ìsàlẹ̀ létí odò yè, ti orí òkè kú, ilẹ̀ ibẹ̀ ló ga jù. Rárá o.

Lóòótọ́, ọ̀pẹ ò fẹ́ràn ibi gíga, ooru ló ń jẹ. Gbogbo mítà 100 téèyàn bá gùn lókè, ooru á fi bíi dìgírì 0.6 wálẹ̀. Ọ̀pẹ fẹ́ 22 sí 24 lóru, 29 sí 33 lọ́sàn-án, tó bá wá já sí 15, ọmọ ọ̀pẹ ò ní dàgbà mọ́, á kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í sábà dá oko ọ̀pẹ síbi tó bá ga ju mítà 500 lọ, torí imọ̀ ẹ̀ ò ní tètè máa yọ, á pẹ́ kó tó so, ẹyìn náà á tún pẹ́ kó tó pọ́n. Ẹni tó ń múra àtigbé ọmọ ọ̀pẹ ránṣẹ́ sí àbúrò ẹ̀ ní Jos kó sinmi, bíi mítà 1,200 nìyẹn.

Àmọ́ níbo ló ga ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ níbí? Ìjẹ̀bú-Òde fúnra ẹ̀ ò ga tó mítà 100 sójú òkun. Òkè tẹ́ ẹ ń pariwo ẹ̀ yẹn, ká tiẹ̀ ní láti etí odò dé orí ẹ̀ jẹ́ mítà 50, ooru wọn ò yàtọ̀ tó ìlàjì dìgírì. Kí nìyẹn fẹ́ pa?

Ẹ fa ọ̀kan yọ nínú èyí tó kú, kẹ́ ẹ wo gbòǹgbò ẹ̀. Ẹ ti ya náílọ̀n kúrò lóòótọ́, síbẹ̀ gbòǹgbò ṣì ká róbótó bó ṣe wà nínú náílọ̀n, kò sí ìkankan tó wọ ilẹ̀ tuntun. Oṣù kẹsàn-án, ìkẹwàá lẹ gbìn ín torí pé òjò àròkúrò ń rọ̀ tí ilẹ̀ sì rọ̀ fún ọkọ́, kò pẹ́ ni òjò dá, ọyẹ́ dé, ti ìsàlẹ̀ rí omi fà, ti òkè ò rí nǹkan kan. Àgbàdo lẹ lè bá àròkúrò dọ́gbọ́n ẹ̀. Ọ̀pẹ tó fẹ́ so fún yín ju ogún ọdún lọ, ẹ ò lè fún un ní ìgbà òjò kan tó péye?

Láti àárín oṣù kẹrin, tí òjò ńlá bá ti rọ̀ tó ẹ̀ẹ̀mejì, dé ìparí oṣù kẹfà, ìgbà tẹ́ ẹ lè gbìn ín sórí òkè nìyẹn. Tó bá ti kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀, kódà tẹ́ ẹ bá ti sanwó fáwọn tó gbẹ́ ihò. Kó ti lo oṣù 10 sí 14 ní nọ́sìrì. Ihò ínṣì 18 ní fífẹ̀ àti jíjìn, kí ìdí ẹ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba, ẹ má rì í mọ́lẹ̀. Mítà 9 láàárín igi sí igi, ní onígun mẹ́ta, 143 ni hẹ́kítà kan máa gbà. Ẹ má há 200 síbẹ̀ torí pé ọ̀fẹ́ ni. Pákí kó jìnnà sí i ní mítà 2. Ẹ fi wáyà oníhò ga tó ínṣì 18 yí i ká nítorí òyà.

Kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, ẹ ro ìdí ẹ̀ ní mítà 1 yíká, kẹ́ ẹ fi koríko gbígbẹ bò ó nípọn tó ínṣì 4, àmọ́ kó má kan ara igi. Ẹ má gé imọ̀ tútù kankan lára ẹ̀.

Tí wọ́n bá wá gbé ọmọ ọ̀pẹ dé ní oṣù kẹsàn-án ńkọ́, torí wọ́n máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ gan-an? Ẹ gbà á. Ẹ tò ó sẹ́yìnkùlé tòun ti náílọ̀n ẹ̀, níbi tí oòrùn ti ń tà á, kí ọ̀kan jìnnà síkejì ní ẹsẹ̀ bàtà 3, kẹ́ ẹ máa bomi rin ín lójoojúmọ́ títí di oṣù kẹrin, kẹ́ ẹ máa ṣí i nídìí lóṣooṣù kí gbòǹgbò má bàa gba ihò náílọ̀n wọlẹ̀. Èyí tó bá ga jù, ẹ gé orí imọ̀ ẹ̀ kó ku bíi mítà 1 kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sóko. Àwọn ihò tó ṣófo lórí òkè báyìí, òjò tó ń bọ̀ yìí náà ni kẹ́ ẹ fi dí i, torí tó bá fi máa di ọdún kẹta, àwọn tó yè á ti ṣíji bo èyí tẹ́ ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn.