Ọ̀pá Ìrìn Kì í Ṣe Ọ̀pá Ìtilẹ̀: Àṣìṣe Àwọn Aláìsàn Ọkàn

Ẹni tí dókítà bá gbà láyè láti máa fi ọ̀pá méjì rìn lẹ́yìn àìsàn ọkàn sábà máa ń di àwọn ọ̀pá náà mú bí bàbá àgbà ṣe ń di ọ̀pá ìtilẹ̀ rẹ̀ mú: yóò gbé e síwájú, yóò fara tì í, yóò wá máa wọ́ ẹsẹ̀ tẹ̀ lé e. Àṣìṣe gbáà ni. Àwọn ará Finland tí ń fi ọ̀pá yọ̀ lórí yìnyín ni wọ́n gbé ìrìn yìí, tí wọ́n ń pè ní Nordic walking, kalẹ̀ kí ara wọn má baà dẹ̀ nígbà ooru, ohun tí wọ́n sì ń fi ọ̀pá ṣe ni láti ti ara wọn síwájú. Ìsàlẹ̀ ọ̀pá gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa bá ẹsẹ̀ òsì jáde, àtẹ́lẹwọ́ sì gbọ́dọ̀ là díẹ̀ bí apá bá ti kọjá ìbàdí, nítorí fífún ọ̀pá mọ́wọ́ pinpin a máa mú kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lọ sókè. Títì yẹn ló ń fún apá, èjìká àti ẹ̀yìn níṣẹ́. Nínú ìwádìí tí ilé ìwòsàn ọkàn Yunifásítì Ottawa ní Kánádà tẹ̀ jáde ní ọdún 2022, àwọn aláìsàn tó fi ọ̀pá rìn fún ọ̀sẹ̀ 12 tẹ̀síwájú nínú ìdánwò ìrìn ìṣẹ́jú 6, èyí tó ń wọn bí èèyàn ṣe lè rìn jìnnà tó láàárín àkókò náà, ju àwọn tó ṣe oríṣi eré ìdárayá méjì mìíràn lọ.

Ọ̀pá tó gùn jù kò ṣe é tì bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 170 kò nílò ju nǹkan bíi 115 lọ. Ẹni tí wọ́n la àyà rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ kánjú, nítorí eegun àyà sábà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 sí 12 kó tó jinná.

Abẹ́ òkúta la tẹ̀dó sí ní Abẹ́òkúta, a kò lè sá fún òkè, ṣùgbọ́n kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú ọ̀pá gba Ìtòkú gòkè lọ sí ìdí Olúmọ kì í ṣe ìgboyà. Ọ̀pá a máa mú kí ìrìn fúyẹ́ lójú ẹni tí ń rìn, bẹ́ẹ̀ ọkàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ju ti ẹni tó rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ilẹ̀ títẹ́jú bíi ti pápá ìṣeré Kútọ̀, kí oòrùn tó mú, ló yẹ ẹ́.

Kíka ìlùkìkì ọkàn láti mọ bí ìrìn ṣe le tó a máa tan àwọn tí ń lo oògùn bíi bisoprolol jẹ, nítorí oògùn náà kì í jẹ́ kí ọkàn yára bó ṣe yẹ. Ẹnu ni kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n: ẹni tó lè bá ẹnìkejì sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ, ṣùgbọ́n tí kò lè kọrin, ìrìn rẹ̀ ti tó.

Èyí tó léwu jù ni "ẹ jẹ́ n parí ìyípo kan yìí" tí àwọn kan máa ń sọ nígbà tí àyà bá ti ń fún wọn. Kí wọ́n dúró lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n jókòó, kí wọ́n lo oògùn abẹ́ ahọ́n tí dókítà fún wọn. Bí kò bá lọ láàárín ìṣẹ́jú 5, ilé ìwòsàn ló kàn. Àpò aṣọ ni oògùn yẹn gbọ́dọ̀ wà, kì í ṣe inú mọ́tò tí wọ́n gbé sẹ́nu géètì.