Ẹ Má Sin Orúkọ Rẹ̀ Mọ́ Ọn: Bí Òbí Àgbà Ṣe Lè Ṣe Ìrántí Ọmọ-Ọmọ Tí Wọ́n Fìyà Jẹ Pa Nínú Ilé

Nílẹ̀ wa, bí ọmọdé bá kú, kíá la máa ń sin ín. Àwọn òbí kì í dé ìdí sàréè. A ó kó àwòrán rẹ̀ pamọ́, orúkọ rẹ̀ a sì di ohun tí ẹnikẹ́ni kì í pè lójú ìyá rẹ̀ mọ́. Kí ẹkún lè tètè tán ni àwọn àgbà ṣe ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni tó yẹ kó tọ́jú ọmọ náà ló pa á, ìdákẹ́jẹ́ yẹn ń ṣe iṣẹ́ mìíràn: ẹni tó ṣe é ló ń dáàbò bò. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ̀yin ìyá àgbà àti bàbá àgbà ṣe ni pé kí ẹ máa pe orúkọ ọmọ náà, láìba ẹjọ́ rẹ̀ jẹ́, láìsì kó àwọn ọmọ tó kù sínú ewu.

Kì í ṣe àṣà àjèjì. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú, àwọn baba wa a máa gbẹ́ ère fún un. Wọ́n á wẹ̀ ẹ́, wọ́n á fi osùn pa á, wọ́n á wọ aṣọ àti ìlẹ̀kẹ̀ fún un, wọ́n á sì fún un lóúnjẹ. Ọmọ tó kú ní àyè tirẹ̀ nínú ilé.

Bí wọn kò bá tíì sin ín

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wẹ òkú náà kí dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò. Ní Èkó, òfin ọdún 2007 lórí ètò coroner, ìyẹn adájọ́ tó ń wádìí ikú, sọ pé kí wọ́n fi ikú òjijì tàbí ikú tó ní ọwọ́ ipá nínú tó o létí. Ibi tí nǹkan ti máa ń bàjẹ́ ni kí ẹbí méjèèjì jókòó, kí wọ́n ní “ọ̀rọ̀ ilé ni”, kí wọ́n sì sin ọmọ náà lóru. Lẹ́yìn ìyẹn, àṣẹ ilé-ẹjọ́ nìkan ló lè hú òkú náà, àpá ara rẹ̀ yóò sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá bí ara ṣe ń jẹrà. Ẹ̀yin Mùsùlùmí tí ẹ fẹ́ sin ín lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ ṣàlàyé fún àáfà ṣáájú pé ìwádìí ikú ni ẹ ń dúró dè, kí ó lè bá yín bá àwọn tó ń kánjú sọ̀rọ̀.

Aṣọ tó wà lára ọmọ lọ́jọ́ náà, aṣọ ibùsùn rẹ̀, bẹ́líìtì tàbí pàṣán tó wà nítòsí, gbogbo rẹ̀ di ẹ̀rí. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà kí ọlọ́pàá wá kó wọn. Bí ẹ bá ti kó wọn kí ẹ tó mọ̀, ẹ má fi omi kàn wọ́n, ẹ má sì kó wọn sínú ọ̀rá: aṣọ tútù tó bá wà nínú ọ̀rá yóò hu, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ yóò sì bàjẹ́. Àpò bébà ni kí ẹ lò, ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ ohun tí ẹ fà lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀, ẹ jẹ́ kí ẹni tó gbà á fọwọ́ sí i. Àwọn nǹkan yẹn lè wà lọ́dọ̀ ìjọba fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí náà ẹ má kà wọ́n mọ́ ohun ìrántí.

Bí ọmọ mìíràn bá ṣì wà nínú ilé yẹn, tirẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ bójú tó. Ní Èkó, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ àjọ DSVA tó ń rí sí ìwà ipá inú ilé ni 08000333333.

Àpótí ìrántí

Ẹ ra àpótí oníke tó ní ìdérí tó dé pinpin. Ohun mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti tó. Ẹni tó bá kó gbogbo ẹrù ọmọ pamọ́ kì í lè ṣí i wò. Ẹ mú aṣọ tó fẹ́ràn jù, bàtà rẹ̀, káàdì àjẹsára, ìwé ilé-ìwé, ohun ìṣeré kan, ìwé ètò ìsọmọlórúkọ bí ó bá wà. Ẹ má lọ sí ilé náà láti kó wọn lẹ́yin nìkan, ẹ má sì wọlé bí ọlọ́pàá bá ti tì í.

Àárò òórùn ọmọ náà máa ń sọ ìyá àgbà púpọ̀. Aṣọ kan tí wọn kò tíì fọ̀ (tí kò sí lára ẹ̀rí) ni kí ẹ fi sínú ọ̀rá onísíìpù, kí ẹ tẹ atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, kí ẹ má sì máa ṣí i ní gbogbo ìgbà, nítorí ìgbàkígbà tí ẹ bá ṣí i ni òórùn yẹn ń dín kù. Aṣọ náà gbọ́dọ̀ gbẹ dáadáa kó tó wọ ọ̀rá. Ẹ má fi káńfọ̀ sí i rárá. Yóò pa òórùn ọmọ náà rẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni aṣọ tó ti bá káńfọ̀ gbé lè kó ibà pọ́njú bá ọmọ tuntun tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò gbà á, bí ẹnì kan bá fà á jáde fún ọmọ mìíràn lọ́jọ́ iwájú. Àpò kékeré tí í fa omi, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun, ni kí ẹ kó márùn-ún tàbí mẹ́fà sí ìsàlẹ̀ àpótí. Ẹ gbé àpótí sórí pẹpẹ, kó má kan ògiri tàbí ilẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò bí òjò bá bẹ̀rẹ̀ àti bí ó bá dá.

Lára ohun kọ̀ọ̀kan, ẹ so bébà kékeré mọ́ ọn: kí ni, ìgbà wo, ta ló rà á. Bí ogún ọdún bá kọjá, kò ní sí ẹni tó rántí mọ́.

Ní ti àwòrán, WhatsApp a máa fún àwòrán pọ̀ bí wọ́n bá fi ránṣẹ́ bí a ṣe máa ń ṣe é. Ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, kó lè dé bó ṣe rí. Ohun tó bá wà lórí status kì í ju wákàtí mẹ́rìnlélógún lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ rẹ̀, nítorí ilé-ìwé sábà máa ń ní àwòrán tí ẹbí kò ní. Ẹ wá ohùn rẹ̀ pẹ̀lú, nínú fídíò tàbí ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ lórí fóònù. Ẹ dà wọ́n sórí flash méjì, kí ọ̀kan wà nílé ẹlòmíràn, kí ẹ sì tẹ mẹ́wàá nínú àwòrán náà sórí bébà.

Nínú ọ̀pọ̀ àwòrán tí ọmọ náà ti ń rẹ́rìn-ín, ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló gbé e dání. Ẹ má fa àwòrán náà ya. Ẹ ṣe ẹ̀dà, ẹ gé ẹ̀dà náà kó ku ọmọ nìkan, ẹ fi ojúlówó rẹ̀ pamọ́.

Oríkì rẹ̀

Èyí ni ẹnikẹ́ni kò lè bá yín ṣe. Ọmọ ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin kò tíì ní ìtàn gígùn, ṣùgbọ́n ó ní oríkì. Bí ó bá jẹ́ Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ẹ bọ́ sí oríkì orílẹ̀ rẹ̀ láti ìhà bàbá àti ti ìyá, kí ẹ sì fi ìṣe tirẹ̀ kún un: oúnjẹ tó fẹ́ràn, bó ṣe ń sáré, ọ̀rọ̀ tó máa ń ṣì pè. Ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún ti tó. Ẹ gba ohùn yín sílẹ̀ nínú yàrá tí wọ́n ti pa fáànù, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù kí ẹ̀rọ amúnáwá àdúgbò tó bẹ̀rẹ̀. Bí ẹkún bá gbé yín, ẹ dúró díẹ̀, ẹ máa bá a lọ. Ẹ má pa ohun tí ẹ ti gbà rẹ́.

Ìkéde àti ọ̀rọ̀ orí bébà

“Lẹ́yìn àìsàn ránpẹ́” ni wọ́n sábà máa ń kọ. Ẹ má kọ ọ́ bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, nítorí agbẹjọ́rò ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn lè fi bébà yẹn jà ní kóòtù. Ẹ má sì dárúkọ ẹnikẹ́ni ní apànìyàn kí adájọ́ tó dájọ́. Gbólóhùn tó tọ́ lè rí báyìí: “Lágbájá, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ìwà ipá ló gbà á lọ́wọ́ wa. Ó fẹ́ràn dòdò àti ìlù.” Ẹ má fi àwòrán tàbí orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò rẹ̀ sí i. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọ ti ọdún 2003, tí Èkó ṣe tirẹ̀ ní 2007, fún ọmọdé ní ẹ̀tọ́ pé kí a pa àṣírí rẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ ìrántí

Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló dára jù. Ọjọ́ ikú ń dá gbogbo èrò padà sí ọwọ́ ẹni tó pa á, ọjọ́ ìbí sì jẹ́ ti ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ẹ má pe ju ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. Kò sí aṣọ ẹbí, kò sí olórin. Láti agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ sí márùn-ún àbọ̀ ti tó: ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ ki í, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan sọ ohun kan tó rántí, kí wọ́n gbàdúrà, kí gbogbo yín jẹ oúnjẹ tó fẹ́ràn. Ẹ bá àáfà tàbí pásítọ̀ sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú pé ẹ kò fẹ́ ìwàásù “àmúwá Ọlọ́run ni”, ẹ kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni pe ọmọ náà ní àbíkú. Lílù tàbí ebi kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run. Ẹ̀yin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ lo oògùn yín kí àlejò tó dé.

Bí ẹ bá fẹ́ wà pẹ̀lú àwọn ẹlòmíràn tí ọmọ kú fún, ọjọ́ Àìkú kejì nínú oṣù Kejìlá, agogo méje alẹ́, ni wọ́n máa ń tan àbẹ́là fún àwọn ọmọ tó ti lọ káàkiri ayé. Ìyá àgbà ará Amẹ́ríkà kan, Bonnie Finney, ní Virginia, so ribọ́ọ̀nù búlúù mọ́ ọkọ̀ rẹ̀ ní 1989 lẹ́yìn tí wọ́n fìyà jẹ ọmọ-ọmọ rẹ̀ pa. Ó yan búlúù nítorí àwọ̀ àpá ara ọmọ náà. Láti ìgbà náà ni ribọ́ọ̀nù yẹn ti di àmì ìdáàbòbò ọmọdé níbẹ̀, pàápàá nínú oṣù Kẹrin. Bí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀, àdìrẹ ẹlú dára: ẹ gé e ní ìwọ̀n ìka méjì ní fífẹ̀, ẹ sì kọ́kọ́ fọ aṣọ náà títí omi rẹ̀ yóò fi mọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò ta aró sára aṣọ funfun àwọn èèyàn.

Igi gbígbìn náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe nínú ilé tí ẹ háyà. Pèrègún ló rọrùn jù: ẹ gé igi rẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà méjì, ẹ ri ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ mọ́lẹ̀ nígbà tí òjò bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, ẹ sì ṣọgbà yí i ká nítorí ewúrẹ́. Ẹ gbin mẹ́ta. Bí ẹ bá gbin ẹyọ kan tó sì kú, ọgbẹ́ ọkàn yóò tún ṣí. Bí pèrègún kò bá bá ẹ̀sìn ilé yín mu, ẹ gbin máńgòrò tàbí ọsàn, kí ẹ sì máa bomi rin ín ní ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́.

Bí ó bá jẹ́ ọmọ yín ló ṣe é

Ó máa ń rí bẹ́ẹ̀, èyí ló sì le jù. Ẹ lè lọ wo ọmọ yín ní ẹ̀wọ̀n, kò sí ẹni tó yẹ kó dá yín lẹ́bi. Ṣùgbọ́n kó má jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ọjọ́ ìrántí, ẹ má sì gbé iṣẹ́ kankan tó rán wá síwájú àwọn tó péjọ. Bí àna yín kò bá fẹ́ rí yín lọ́jọ́ náà, ẹ ṣe tiyín lọ́jọ́ mìíràn. Wọn kò ní láti dárí jì yín kí ẹ tó lè sunkún ọmọ-ọmọ yín.

Àwọn ọmọ tó kù

Ẹ má sọ pé “ó sùn” tàbí “ó rìnrìn àjò”. Ọmọ tó bá gbọ́ bẹ́ẹ̀ á máa bẹ̀rù oorun, tàbí kó máa ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Ẹ sọ pé: “Àbúrò rẹ ti kú. Kò lè padà wá. Kì í ṣe ìwọ lo fà á.” Ẹ tún un sọ ní gbogbo ìgbà tó bá béèrè. Bí ó bá ṣojú rẹ̀, ó lè di ẹlẹ́rìí, nítorí náà ẹ má máa wádìí lẹ́nu rẹ̀, ẹ má kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ohun tó bá fúnra rẹ̀ sọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kí ẹ fún ọlọ́pàá tó ń rí sí ẹjọ́ náà. Lọ́jọ́ ìrántí, ẹ má fipá mú un sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kó yan ohun kan fún ara rẹ̀ nínú ẹrù àbúrò rẹ̀.

Ẹ yan ẹni tí yóò gba àpótí lẹ́yìn yín, kí ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sí abẹ́ ìdérí, kí ẹ sì kọ́ ọ ní oríkì náà títí yóò fi lè kì í láìwo bébà.